Ooru Ló Bí Bàálù Dúdú: Àlàyé Lórí SR-71

Bí ọ̀rọ̀ SR-71, bàálù amí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, bá ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tó fẹ́ràn bàálù, kálukú ló máa ń ní ìtàn tirẹ̀. Ẹnì kan á ní kò sí mísáìlì tó lè lé e bá. Ẹlòmíràn á ní epo máa ń jò lára rẹ̀ nítorí pé àwọn tó kọ́ ọ kánjú. Ẹnì kẹta á búra pé wọ́n kùn ún ní dúdú kí ọ̀tá má baà rí i lóru, àti pé orí ilẹ̀ Rọ́ṣíà ló ń fò kọjá lójoojúmọ́. Àwọn ìtàn wọ̀nyí dùn ún gbọ́. Òótọ́ wà nínú òmíràn, àbùmọ́ sì pọ̀ nínú òmíràn. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé eré rẹ̀ ni gbogbo wọn ń sọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ooru ni ọ̀rọ̀ gan-an. Ẹni tó bá mọ ohun tí ooru ń ṣe sí bàálù yìí ti mọ ìdí tó fi dúdú, ìdí tí epo fi ń jò lára rẹ̀, ìdí tí wọ́n fi lọ ra irin rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tá, àti ìdí tí epo tó ń jó fi ṣòro láti tanná ràn.

Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ọ fún

SR-71 kì í ṣe bàálù ìjà. Kò gbé ìbọn, kò sì gbé bọ́ǹbù kankan. Iṣẹ́ amí ni iṣẹ́ rẹ̀: kí ó kọjá lókè ibi tí ọ̀tá ń pa nǹkan mọ́ sí, kí ó ya àwòrán ibẹ̀, kí ó sì padà délé. Ó gbé oríṣiríṣi kámẹ́rà. Ó ní rédà tó lè ya àwòrán ilẹ̀ nínú òkùnkùn tàbí bí kùrukùru tilẹ̀ bo ojú ọ̀run, ó sì tún ní ẹ̀rọ tó ń gba ìró rédà àwọn ọ̀tá sílẹ̀ kí àwọn onímọ̀ lè mọ ibi tí wọ́n rì í mọ́. Èèyàn méjì ló ń wọ̀ ọ́. Awakọ̀ jókòó síwájú. Ọ̀gá tó ń bójú tó kámẹ́rà, rédà àti ojú ọ̀nà jókòó sẹ́yìn rẹ̀, kò sì sí ọ̀pá ìdarí kankan níwájú tirẹ̀. Ohun yòówù tí ẹni iwájú bá fi bàálù ṣe, òun náà ti wà nínú rẹ̀ nìyẹn.

Ìtìjú ló sọ irú bàálù bẹ́ẹ̀ di ọ̀ranyàn. Ṣáájú ọdún 1960, U-2 ni ìjọba Amẹ́ríkà fi ń ṣe amí lórí ilẹ̀ Soviet. U-2 kì í sáré, ṣùgbọ́n ó máa ń fò ní gíga tó lé ní 20,000 mítà, wọ́n sì gbà pé gíga yẹn tó láti dáàbò bò ó. Ní ọjọ́ kìíní, oṣù Karùn-ún, ọdún 1960, mísáìlì já ọ̀kan lulẹ̀ nítòsí Sverdlovsk, ọwọ́ sì tẹ Francis Gary Powers tó ń wà á láàyè. Kì í ṣe ọjọ́ yẹn ni ilé iṣẹ́ Lockheed ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ronú bàálù mìíràn, nítorí iṣẹ́ ti ń lọ lábẹ́lẹ̀ fún CIA, àjọ amí Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Powers fi hàn pé gíga nìkan kò tó mọ́, eré gbọ́dọ̀ kún un.

Clarence Johnson, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Kelly, ni olórí iṣẹ́ náà, ní ẹ̀ka Lockheed tí wọ́n ń pè ní Skunk Works ní ìlú Burbank, ìpínlẹ̀ California. Òun kan náà ló darí iṣẹ́ U-2. A-12 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, ó sì kọ́kọ́ fò ní aṣálẹ̀ Nevada lọ́dún 1962. Èèyàn kan péré ló ń gbé, CIA ló sì ni ín. SR-71 ni àbúrò rẹ̀: ó gùn jù ú lọ, ó ń gba epo jù ú lọ, àwọn ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà ló sì ni ín. Ọjọ́ 22, oṣù Kejìlá, ọdún 1964 ló kọ́kọ́ gbéra ní Palmdale, Bob Gilliland ló wà á. Gbogbo èyí tí wọ́n kọ́ kò ju 32 lọ.

Ní ti eré, ẹ jẹ́ kí n sọ nọ́ńbà rẹ̀ ká sì kọjá. Ní ọjọ́ 28, oṣù Keje, ọdún 1976, ọ̀kan nínú wọn sáré 3,529 kìlómítà ní wákàtí kan. Ìyẹn ju ìlọ́po mẹ́ta eré ìró lọ. Kí èèyàn tó ka oókan dé ẹẹ́wàá, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rin kìlómítà mẹ́wàá. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, òmíràn fò ní gíga 25,929 mítà láìsọ̀kalẹ̀, èyí tó ju ìlọ́po méjì gíga tí bàálù èrò ń fò lọ.

Níbi tí ooru ti ń wá

Òtútù tó wà lókè ibi tí SR-71 ń fò sí máa ń fi ìwọ̀n Celsius bíi 50 rẹlẹ̀ ju ibi tí omi ti ń di yìnyín. Báwo wá ni bàálù ṣe ń gbóná níbẹ̀? Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé afẹ́fẹ́ tó ń ha á lára ló fà á. Ìyẹn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló pọ̀ jù. Ìfúnpọ̀ ni. Ẹni tó bá ti fi pọ́ńpù ọwọ́ fún táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé ìdí pọ́ńpù náà máa ń gbóná bí táyà bá ti ń le, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí a bá fún pọ̀ máa ń gbóná. Bàálù tó ń sáré ju ìró lọ máa ń dé bá afẹ́fẹ́ kí afẹ́fẹ́ náà tó ráyè yà fún un. Ní iwájú imú rẹ̀ àti ní etí ìyẹ́ rẹ̀, afẹ́fẹ́ á fún pọ̀, á gbóná, á sì kó ooru náà ran irin.

Bí SR-71 bá ti dé orí eré rẹ̀, ibi púpọ̀ lára rẹ̀ máa ń kọjá ìwọ̀n 200. Gíláàsì iwájú awakọ̀ ń kọjá 300. Ní ìhà ẹ̀yìn ilé ẹ́ńjìnnì, ó ń kọjá 500. Àwọn tó wà á rí sọ pé bí àwọn bá fẹ́ jẹun lókè, àwọn máa ń gbé oúnjẹ inú tíúbù àwọn sún mọ́ gíláàsì kó lè gbóná díẹ̀. Ojú fèrèsé tí kámẹ́rà ń wò láti inú rẹ̀ tilẹ̀ di ìṣòro ńlá, nítorí pé bí ooru bá lọ́ ọ ní ìwọ̀nba bíńtín, àwòrán á bàjẹ́. Ọdún mélòó kan ni wọ́n fi wá bí wọ́n ṣe máa lẹ gíláàsì quartz mọ́ férémù irin rẹ̀, ìró tí etí èèyàn kò lè gbọ́ ni wọ́n sì padà lò.

Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ń kọ́ ọ̀pọ̀ bàálù nígbà náà. Ó fúyẹ́, ó rọrùn láti gé, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ á ti dín kù gidigidi kí ooru tó dé 200. Irin tó nípọn lè gba ooru náà, àmọ́ ìwúwo rẹ̀ kò ní jẹ́ kí bàálù náà lè gòkè tó bẹ́ẹ̀. Titanium ló kù.

Irin tí wọ́n rà lọ́wọ́ ọ̀tá

Titanium le, ó fúyẹ́ ju irin lọ, ooru kì í sì í tètè mú un. Ṣùgbọ́n èyí tó wà ní Amẹ́ríkà kò tó, orílẹ̀-èdè tó sì ní in lọ́pọ̀lọpọ̀ ni Soviet. Wọn kò lè dìde lọ sọ fún Moscow pé ẹ ta irin fún wa, ká fi kọ́ bàálù tí a ó fi máa yọjú wò yín. Àwọn alágbàtà ni wọ́n gbà kọjá, àti ilé iṣẹ́ tó jẹ́ orúkọ lásán, tí ẹnikẹ́ni kò fi mọ ẹni tó ń rà á ní tòótọ́. Bí irin ilẹ̀ Soviet ṣe di ara bàálù tó ń ṣọ́ Soviet nìyẹn. Ní tèmi, ìtàn yìí wù mí ju gbogbo ti eré lọ.

Irin náà dé, wàhálà tirẹ̀ sì tún bẹ̀rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbà máa ń fọ́ bí wọ́n bá jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gbẹ́ alumíníọ̀mù kò ràn án, àfi kí wọ́n ṣe tuntun. Àwọn bóòtù kan ń já lórí lẹ́yìn tí ooru bá ti mú wọn. Ìgbà tí wọ́n wá a títí, wọ́n rí i pé sípánà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń lò ní cadmium lára, díẹ̀ tó sì ń ha mọ́ titanium ń jẹ ẹ́ run. Wọ́n kó gbogbo irú sípánà bẹ́ẹ̀ kúrò nínú àpótí irinṣẹ́. Èyí tó yani lẹ́nu jù ni ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn páànù tí wọ́n jó pọ̀ nígbà òtútù wà bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n jó pọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ń tètè ya. Omi ẹ̀rọ ìlú Burbank ni: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n máa ń fi chlorine púpọ̀ sí i kí ewéko má baà hù nínú rẹ̀, omi yẹn ni wọ́n sì fi ń fọ páànù. Wọ́n yí omi padà, ó parí.

Ṣé òótọ́ ni pé epo ń jò?

Òótọ́ ni. Bí SR-71 bá dúró sílẹ̀ tí epo wà nínú rẹ̀, ẹ ó rí i tó ń kán sílẹ̀ lábẹ́ ìyẹ́ àti lábẹ́ ikùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àìmọṣẹ́, kì í sì í ṣe pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ lu ihò sí i.

Inú bàálù yìí kò ní táńkì tó dá dúró. Ara rẹ̀ gan-an ni táńkì: páànù tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lù níta ni epo ń fẹ̀yìn tì nínú. Bí ooru bá mú titanium, á gùn, á sì fẹ̀. SR-71 máa ń fi ínǹṣì mélòó kan gùn sí i lókè ju bó ṣe wà nílẹ̀ lọ. Nítorí náà, wọ́n fi àyè kéékèèké sílẹ̀ láàárín páànù kan àti èkejì kí wọ́n má baà ti ara wọn fọ́. Wọ́n fi oríṣi gọ́ọ̀mù kan dí àwọn àyè náà, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù wo ló fẹ́ jóná, kó tutù, kó tún jóná, ní ìrìn àjò lẹ́yìn ìrìn àjò, tí kò ní sán? Àwọn mẹkáníìkì ní ìwé tó sọ iye ẹ̀kán epo tí wọ́n lè fàyè gbà ní ìṣẹ́jú kan ní apá kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti kọjá iye yẹn, wọ́n á tún un dí. Bí kò bá kọjá, bàálù á lọ.

Ibẹ̀ ni àbùmọ́ ti wọlé. Wọ́n máa ń sọ pé nítorí pé epo ń jò ni wọ́n ṣe máa ń gbéra pẹ̀lú epo díẹ̀, tí wọ́n á sì lọ bá bàálù agbépo lókè kíákíá kí tiwọn tó tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Epo tó kún inú SR-71 tó 36,000 kílógíráàmù. Bí ó bá fi gbogbo rẹ̀ gbéra tí ẹ́ńjìnnì kan sì kú lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ á burú, táyà àti bíréèkì pàápàá kò ní lè gbà á. Ìdí kejì tún so mọ́ ooru. Epo tó gbóná nínú táńkì tó ní ọ́síjìn lè gbiná, nítorí náà naitirójìn ni wọ́n ń fi dí àyè òfìfo inú táńkì. Ọ̀nà tó dára láti lé afẹ́fẹ́ jáde pátápátá ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi epo kún táńkì bámúbámú lókè, kí naitirójìn sì máa wọlé bí epo bá ṣe ń lọ sílẹ̀.

Epo náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe èyí tí bàálù mìíràn ń mu. JP-7 ni wọ́n ń pè é, nítorí rẹ̀ sì ni wọ́n ṣe ya àwọn bàálù agbépo KC-135Q sọ́tọ̀. Ó ṣòro láti gbiná débi pé bí èèyàn bá ju ìṣáná tó ń jó sínú rẹ̀, ìṣáná náà á kú. Ìyẹn ló dára fún bàálù tó ń gbóná, ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe máa tan ẹ́ńjìnnì nígbà náà? Kẹ́míkà mìíràn ni wọ́n ń lò, triethylborane, tó máa ń gbiná fúnra rẹ̀ bó bá ti kan afẹ́fẹ́. Wọ́n á fín díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ẹ́ńjìnnì, iná aláwọ̀ ewéko á bù yẹ̀rì, JP-7 á sì gbaná lára rẹ̀. Ìwọ̀nba ni èyí tí wọ́n gbé dání, bíi ìtaná 16 fún ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan, awakọ̀ sì gbọ́dọ̀ máa kà á. Kí epo náà tó jó, ó ti ṣe iṣẹ́ mìíràn: òun ni wọ́n ń yí ká inú bàálù láti fa ooru kúrò lára ẹ̀rọ àti lára yàrá àwọn èèyàn inú rẹ̀, kí ó tó lọ bá iná.

Àwọ̀ dúdú

Àwọn A-12 àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ọ̀dà lára, wọ́n ń dán bí fàdákà. Wọ́n kùn wọ́n ní dúdú nígbà tó yá nítorí pé ohun dúdú máa ń yọ ooru jáde lára rẹ̀ ju ohun tó ń dán lọ. Ọ̀dà náà ń mú kí irin tutù díẹ̀, díẹ̀ yẹn sì ṣe pàtàkì. Wọ́n po ohun tó ní irin nínú mọ́ ọn láti gbé díẹ̀ mì nínú ìró rédà, wọ́n sì tún fẹ ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ jáde pẹlẹbẹ kí rédà má baà rí i dáadáa. Àmọ́ kò pòórá. Bàálù tí iná ńlá ń tẹ̀ lé lẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀ kò lè sá pamọ́ fún ẹni tó ń wá a.

Ẹ́ńjìnnì, àti ọjọ́ tí bàálù fọ́ mọ́ Bill Weaver lára

Ẹ́ńjìnnì J58 tí Pratt & Whitney ṣe ló wà nínú rẹ̀, méjì. Kò sí ẹ́ńjìnnì bàálù irú èyí tó lè gba afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta eré ìró, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ dẹ eré rẹ̀ kù. Iṣẹ́ ṣóńṣó tó yọ síta lẹ́nu ihò kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Bí bàálù bá ṣe ń yára sí i ni ṣóńṣó yìí ń fà sẹ́yìn, títí dé nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 66, láti mú kí ìgbì afẹ́fẹ́ tó ń fún pọ̀ dúró síbi tó yẹ nínú ihò náà. Afẹ́fẹ́ á rọlẹ̀, á fún pọ̀, á gbóná, apá kan rẹ̀ á gba ọ̀pá ńlá mẹ́fà kọjá lọ sí ibi tí iná ẹ̀yìn wà. Lórí eré rẹ̀ gangan, ó ju ìdajì agbára tó ń ti bàálù síwájú lọ tó ń wá láti inú ihò yìí. Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ kò mú tó ìdá kan nínú márùn-ún wá. Ohun tó ń dí bàálù mìíràn lọ́wọ́ ni wọ́n yí padà di agbára fún èyí.

Ṣùgbọ́n bí ìgbì náà bá ta jáde kúrò nínú ihò, ẹ̀gbẹ́ yẹn á pàdánù agbára lójijì, imú bàálù á sì fà lọ sí ẹ̀gbẹ́ náà tagbáratagbára. Àwọn awakọ̀ sọ pé akoto àwọn máa ń lu gíláàsì ẹ̀gbẹ́. Bí wọn kò bá tètè tún un ṣe, ọ̀rọ̀ lè di ẹ̀jẹ̀.

Ní ọjọ́ 25, oṣù Kìíní, ọdún 1966, ó ṣẹlẹ̀ sí Bill Weaver àti Jim Zwayer tí wọ́n ń dán bàálù náà wò fún Lockheed. Wọ́n wà ní gíga bíi 24,000 mítà lókè New Mexico, wọ́n ń yí kọ́nà lórí eré tó ju ìlọ́po mẹ́ta ti ìró lọ, nígbà tí ìgbì ọ̀tún ta jáde. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, bàálù náà fọ́ yángá. Weaver kò fa okùn tó ń ta àga jáde. Bàálù ló tú kúrò lára rẹ̀. Ó dákú, nígbà tó sì ta jí, ó rò pé òun ti kú, kó tó mọ̀ pé òun ń já bọ̀ láti òkè. Aṣọ tó wọ̀ ló yọ ọ́. Aṣọ tó ń mú afẹ́fẹ́ mọ́ni lára ni: ní gíga tó ju mítà 19,000 lọ, omi ara ènìyàn máa ń hó bí kò bá sí ohun tó fún un mọ́ra, aṣọ náà sì wú lójú ẹsẹ̀, ó di ìkòkò ààbò fún un. Páráṣúùtù rẹ̀ ṣí, ó sì balẹ̀ sí ọ̀gbà ẹran ńlá kan, níbi tí onílẹ̀ ti fi hẹlikọ́pítà wá gbé e. Zwayer kú. Òun nìkan ni ìjàǹbá SR-71 pa nínú àwọn tó ń fò ó.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Weaver tún ń wa SR-71 mìíràn. Bí wọ́n ti ń sáré láti gbéra, ẹni tó jókòó sẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe pé: “Bill! Bill! Ṣé o wà níbẹ̀?” Iná kan ti tàn níwájú rẹ̀, èyí tó sọ pé awakọ̀ ti fò jáde. Bọ́tìnnì kékeré kan ni wọn kò dè dáadáa.

Ṣé eré lásán ló fi ń bọ́ lọ́wọ́ mísáìlì?

Wọ́n ta mísáìlì sí i lọ́pọ̀ ìgbà, pàápàá ní Vietnam, níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti erékùṣù Okinawa ní 1968. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Habu, orúkọ ejò olóró kan tó wà ní erékùṣù náà. Àríwá Kòríà náà ta tirẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, ọdún 1981. Nínú 32 tí wọ́n kọ́, 12 ló ṣòfò, ìjàǹbá ló sì pa gbogbo wọn. Ọ̀tá kò já ọ̀kan kan.

Àwọn kan ń sọ ọ́ bíi pé awakọ̀ kàn ń tẹ epo mọ́lẹ̀ tí mísáìlì á sì máa lé e lẹ́yìn. Kì í ṣe ìdíje ẹsẹ̀. Mísáìlì SA-2 tí wọ́n ń ta sí i náà lè sáré tó o fún ìgbà díẹ̀. Àkókò ni ó dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Kí rédà tó rí bàálù, kí wọ́n tó ṣírò ọ̀nà rẹ̀, kí mísáìlì tó gòkè tán, bàálù ti lọ jìnnà. Nítorí náà, ibi tí bàálù yóò dé ni wọ́n gbọ́dọ̀ ta á sí, kì í ṣe ibi tó wà. Bí bàálù bá wá yà díẹ̀ péré, ibi náà ti yí padà ní ọ̀pọ̀ kìlómítà. Mísáìlì fẹ́ yà tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ òkè yẹn ti fẹ́lẹ́ jù fún ìyẹ́ kékeré rẹ̀ láti tì sí. Lórí gbogbo èyí, ẹni ẹ̀yìn ń fi ẹ̀rọ dí rédà ọ̀tá lójú. SR-71 pàápàá kì í yà wẹ́rẹ́: bó bá fẹ́ yí padà lórí eré, àyè tó ń gbà ju ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1986, lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù sí Tripoli àti Benghazi, àwọn SR-71 gbéra láti Mildenhall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti lọ ya àwòrán ohun tó bàjẹ́. Brian Shul ló wà níwájú ọ̀kan nínú wọn, Walter Watson sì wà lẹ́yìn. Shul kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé lẹ́yìn náà, ìwé rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ bàálù yìí. Èèyàn dúdú ni Watson, òun nìkan ṣoṣo sì ni ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó yege láti wọ SR-71 gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ inú rẹ̀. Ó yẹ kí a mọ orúkọ rẹ̀ ju bí a ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Ti Rọ́ṣíà ńkọ́? SR-71 kò fò wọ orí ilẹ̀ Soviet. Lẹ́yìn ọ̀ràn Powers, Amẹ́ríkà ti ṣèlérí pé òun kò ní rán bàálù tó ní èèyàn nínú lọ sórí ilẹ̀ náà mọ́. Etí ààlà ni SR-71 ń rìn, tó ń fi rédà rẹ̀ wo inú láti ẹ̀gbẹ́: lórí òkun Baltic, lórí òkun àríwá lọ́dọ̀ Murmansk, àti ní ìhà Vladivostok. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1987, ẹ́ńjìnnì ọ̀kan bú lórí òkun Baltic, ó sì di dandan kó sọ̀kalẹ̀ kó sì dẹ eré, lọ́nà tí bàálù ìjà Soviet fi lè lé e bá. Àwọn ọmọ ogun òfuurufú Sweden mẹ́rin tí wọ́n ń wa bàálù ìjà Viggen yọ sí i, wọ́n sì ṣe ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ títí ó fi kúrò nínú ewu. Àṣírí ni ìṣẹ̀lẹ̀ náà jẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ọdún 2018 ni Amẹ́ríkà tó fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní àmì ẹ̀yẹ.

Ìdí tí kò fi sí lójú ọ̀run mọ́

Kì í ṣe pé ọ̀tá borí rẹ̀. Owó ni, àti sátẹ́láìtì. Ìrìn àjò kan ṣoṣo lè gba bàálù agbépo mélòó kan. Nígbà ogun Íjíbítì àti Ísírẹ́lì ní 1973, wọ́n gbéra láti ìpínlẹ̀ New York, wọ́n lọ ya àwòrán, wọ́n sì padà sí Amẹ́ríkà láìbalẹ̀ sí ibì kankan, nǹkan bíi wákàtí 11 lójú ọ̀run. Ẹ ro epo rẹ̀ wò. Sátẹ́láìtì kì í gbowó awakọ̀, kò sì sí ẹni tí wọ́n máa mú lẹ́rú bó bá já. Síbẹ̀ àléébù tirẹ̀ ni pé ọ̀tá mọ wákàtí tó máa kọjá, á sì bo nǹkan rẹ̀ mọ́lẹ̀ dè é, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìgbà tí SR-71 máa yọ. Ohun tí àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ fi ń bínú títí dòní nìyẹn, mo sì rò pé wọ́n jàre.

Wọ́n fẹ̀yìn rẹ̀ tì ní 1990. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹta ọdún yẹn, ọ̀kan gbé ara rẹ̀ lọ sí ilé ọnà: ó fò láti Los Angeles dé Washington ní ìṣẹ́jú 64, ó balẹ̀, wọ́n sì fà á lé Smithsonian lọ́wọ́. Wọ́n tún pe díẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ ní 1995, wọ́n tún dá a dúró ní 1998, NASA sì fi tiwọn fò fún ìgbà ìkẹyìn ní 1999. U-2 tí wọ́n ní kò yára tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀kan péré ló wà lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà, ní ilé ọnà Duxford lẹ́bàá Cambridge, èyí tó dá àkọsílẹ̀ gíga ní 1976 gan-an. Àwọn ará wa tó wà ní London lè lọ, wọ́n sì lè padà lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó bá débẹ̀, kó wo ìyẹ́ rẹ̀ láti òkè, ní ẹ̀gbẹ́ tó sún mọ́ ara bàálù. Páànù ibẹ̀ kò tẹ́jú, ó ní ìlà-ìlà láti iwájú lọ sẹ́yìn, kí irin lè ráyè fẹ̀ láìká kò. Wọ́n fi Kelly Johnson ṣe ẹlẹ́yà nítorí ìlà wọ̀nyẹn nígbà náà, pé ó fẹ́ kí bàálù àtijọ́ bíi ti ọdún 1920 sáré ju ìró lọ.